Má Gba Dásà Kọjá Lóru

Rọ́sàlì ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ilé ń kí ọ. Orúnkún tó ń dà mí láàmú lásìkò òjò ti rọlẹ̀, mo sì ti ń gun òkúta ẹ̀yìn ilé wa dé ìdí igi oṣè láìsinmi. Paskál ńkọ́? Mo gbọ́ pé eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Sọ fún un pé díẹ̀ ló kù lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà náà, kí àwa méjèèjì lè jọ máa jẹ iṣu rírọ̀ tó bá dé.

O pè mí ní ọjọ́ Àìkú. O sọ fún mi pé ìwé ìyànṣiṣẹ́ rẹ ti jáde, pé Kandi ni wọ́n gbé ọ lọ, pé ọkọ rẹ ti ṣáájú lọ wá ilé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe aládùúgbò láti orí ògiri. Ọmọ tí mo máa ń gbé kọ́rùn lọ sí Máàsì ti di agbẹ̀bí ìjọba. Ṣùgbọ́n o yára pa mí lẹ́nu mọ́.

O ní, "Bàbá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bọ́ọ̀sì alẹ́ lèmi àti Paskál máa wọ̀ láti Kútọnu. Tí a bá fi máa kọjá ní Dásà, gbogbo àdúgbò á ti sùn."

Mo ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

O ní, "Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná. Màá pè wọ́n láti Kandi. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ yín. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, mo sì kọ ọ́ ní èdè wa, torí pé tí mo bá ń kọ Faransé, mo máa ń rí ọ̀nà láti dá ara mi láre.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wá. Ní ilé tí wọ́n bí mi sí ní Gbáfò, ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kì í sọ. Ẹrù rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Obìnrin kan nínú ilé á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, á fi iṣu bò ó, á rù ú lọ sí ojú títì bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, arìnrìn-àjò á wọ aṣọ oko, á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, á máa kí gbogbo ẹni tó bá pàdé pé oko lòun ń lọ. Tó bá dé títì, á pààrọ̀ aṣọ, á fi ọkọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹbí tó wà níbẹ̀, á sì wọ mọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá fi agídí béèrè ibi tó lọ, ìlú mìíràn ni wọ́n á dárúkọ fún un. Wọ́n gbà pé bí àwọn tó kórìíra ènìyàn kò bá mọ ibi tó wà, wọn kò ní lè ṣe é ní ibi.

Mo kàwé, mo di olùkọ́, àṣà náà kò kúrò lára mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ sí Natitíngù lókè àríwá, Sávẹ̀ ni mo sọ fún gbogbo ilé. Sávẹ̀ kò jìnnà sí wa, kò sì sí ẹni tó máa ṣe ìlara olùkọ́ Sávẹ̀. Bàbá mi gan-an ni mo pa irọ́ yìí fún. Ó fẹ́ràn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti sódàbì, mo sì mọ̀ pé tó bá ti mu ife kejì, gbogbo Gbáfò á gbọ́. Mo ní tí mo bá dé ọ̀hún, màá kọ lẹ́tà sí i, màá sọ òtítọ́. Mo dé, mi ò kọ ọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo purọ́ fún bàbá mi, bí ọ̀sẹ̀ sì ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ìtìjú náà ń pọ̀ sí i.

Ó dùbúlẹ̀ àìsàn lásìkò tí wọ́n ń wa iṣu. Ó ní kí wọ́n lọ pè mí wá. Àbúrò mi Tomá, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Tomá, gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Sávẹ̀. Ó lọ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, ó ń dárúkọ mi, àwọn olùkọ́ ń wo ojú ara wọn. Ó bi àwọn ará míṣọ́nnù. Ó bi àwọn onímọ́tò. Nígbà tó padà wọlé, bàbá mi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mò ń bọ̀.

Ó ní, "O ò rí i?"

Tomá ní òun kò rí mi.

Bàbá mi ní, "Bóyá kò fẹ́ wá ni." Kò tún béèrè mi mọ́ títí ó fi kú.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Natitíngù. Ìgbà tí wọ́n fún wa ní ìsinmi Noẹ́lì ni mo tó gbé aṣọ òtútù kan bọ̀ fún un, torí ọyẹ́ máa ń mú un láyà. Wọ́n ti sin ín. Tomá ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò dìde, kò gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀. Báwo ni Sávẹ̀?"

O ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ní gbogbo ìgbà tí a bá lọ kí i ní Akofojulè, tí mo bá dìde pé ó yá, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Sávẹ̀ náà ni?" Ẹ̀yin ọmọ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé àwàdà àwọn àgbà ni. Àwa méjèèjì kò sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún yín rí.

Èyí tó tún burú sí i ni pé lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, mo tún kọ́ yín ní nǹkan kan náà. Nígbà tí o kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Kútọnu, tí o sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé Bohikọ́n lò ń lọ, mo yìn ọ́, mo ní o gbọ́n. Mo ti ro ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sọ fún yín pé àṣà náà kò dára, mo ní láti sọ ohun tí mo fi ṣe bàbá mi. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ó rọrùn fún mi. Dárí jì mí, ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ yẹn, mo gbà á padà lónìí.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe ni kí o sọ. Mi ò ní kí o lọ kéde lọ́jà. Yan ẹni kan níbi tí o ti ń gbéra, ẹni kan lójú ọ̀nà, ẹni kan níbi tí ò ń lọ. Kí wọ́n mọ ọjọ́ tí o máa gbéra, ibùdókọ̀ tí o ti máa wọkọ̀, àwọ̀ ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí o dé. Kí wọ́n sì ní nọ́ńbà ara wọn, torí bí pòtábù tí o fi ń pè wá bá kú, àwọn ló máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ ni ti Kandi. Ti Kútọnu, ìwọ lo mọ ẹni tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí. Bí o bá gbà, èmi ni ti ojú ọ̀nà.

Èkejì, ojú ọ̀sán ni kí o fi rìn. Kútọnu sí Kandi ti jìnnà jù láti gbé ọmọ ọwọ́ rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ ọ́ di méjì: wá sùn sílé, kí o tún gbéra láàárọ̀. O mọ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè Nìjẹ́ẹ̀. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ sójú títì, ẹ̀ka igi ni wọ́n máa ń jù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti fi kìlọ̀. Lọ́sàn-án, awakọ̀ á rí ewé náà láti òkèèrè. Lóru, ìgbà tó bá ti ń gun orí rẹ̀ ló máa mọ̀. Ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ihò àpáta Màríà ti kọjá, àwọn tó wá gbàdúrà ti padà sílé wọn, nítorí náà àyè wà nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Ìwọ gan-an lo wà nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò lè rántí. O kéré ju Paskál lọ nígbà tí wọ́n tún gbé mi kúrò ní ibìkan lọ sí ibòmíràn. Èmi fúnra mi ni mo di ẹrù, mo fi okùn so ó, mo ń fọ́nnu fún ìyá rẹ pé kò sí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó lè di ẹrù bíi tèmi. Òtítọ́ sì ni, kò sí ẹni tó lè tú u. Gbogbo aṣọ ìdí rẹ wà nínú àpótí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti gbé àgò ewúrẹ́ oníṣòwò kan lé e lórí. Ikùn rẹ sì yan ọjọ́ náà láti bàjẹ́. Ìyá rẹ fi gèlè rẹ̀ méjèèjì ṣe ohun tí wọn kò torí rẹ̀ hun gèlè. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ní, "Olùkọ́, okùn yín le."

Nítorí náà, ohunkóhun tí Paskál bá máa lò lójú ọ̀nà, orí itan rẹ ni kó wà: aṣọ ìdí, omi tí o ti sè, fìlà, aṣọ tó nípọn díẹ̀ torí afẹ́fẹ́ tútù inú bọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ torí ooru òkè ọ̀hún. Ẹrù ńlá lè lọ sábẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n fi aṣọ aláwọ̀ kan so ó mọ́ létí kí o lè tètè dá a mọ̀, kí o sì dúró wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé. Àwọ̀n ẹ̀fọn nìkan ni kó wà lókè pátápátá nínú ẹrù ńlá náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun, kò sẹ́ni tó ń rí nǹkan tó ń wá, ẹ̀fọn kò sì ní ní sùúrù fún yín.

Ìwé rẹ: kàtì ìdánimọ̀, ìwé ìbí ọmọ, káànẹ̀ àjẹsára rẹ̀, ìwé ìyànṣiṣẹ́. Ṣe fótókópì gbogbo wọn. Kí ojúlówó wà lára rẹ, kí fótókópì wà nínú ẹrù ńlá, kí o fi pòtábù ya wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ. Kọ nọ́ńbà àwọn tó ṣe pàtàkì sórí ìwé pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé o máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bi ara rẹ bóyá o mọ nọ́ńbà ọkọ rẹ sórí, kí o tó rẹ́rìn-ín. Owó náà, má kó o sójú kan. Kí èyí tí o máa ná lójú ọ̀nà wà nítòsí, kí ìyókù wà níbi tí o kò ní í ṣí lójú èrò.

Wo táyà ọkọ̀ kí o tó wo ìjókòó. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ojo ni mo máa ń pe ẹni tó bá ń bi awakọ̀ ní ìbéèrè. Mo ti wọ ọkọ̀ tí mo ń rí títì láti abẹ́ ẹsẹ̀ mi, mi ò sì sọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa ní olùkọ́ ń bẹ̀rù. Bí awakọ̀ bá ń sáré, bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, má bú u, torí ẹni tí wọ́n bú á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Láìpẹ́ yìí, mo ń bọ̀ láti Akilanpá, mo ní kí awakọ̀ wa rọra.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀rù ikú ń bà yín ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ìyàwó mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ata tó rán mi wà lọ́wọ́ mi, tí kò bá dé, ó máa wá mi dé ọ̀run."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì dín eré kù.

Ti oògùn, mi ò ní kọ́ agbẹ̀bí níṣẹ́ rẹ̀. Kí o sáà rántí pé ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú ní láti mu omi tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin kì í fẹ́ mu omi lójú ọ̀nà torí wọn kò mọ ibi tí wọ́n á ti tọ̀. Mu omi. Níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, sọ̀kalẹ̀, kí o sì gbé ọmọ náà dání bó bá tilẹ̀ ń sùn. Sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ pé ò ń bọ̀, kí ọkọ̀ má fi ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni tí o kò mọ̀ bá fún ọ ní oúnjẹ, dúpẹ́, kí o sọ pé o ti yó.

Nísinsìnyí, mo ní láti jẹ́wọ́ ohun tí mo ti ṣe láti ọjọ́ tí o ti pè mí. Má bínú.

Mo lọ bá Àlájà Safúrà, ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà wa. O mọ̀ ọ́n, òun ló ta aṣọ ìgbéyàwó rẹ fún ìyá rẹ. Ó máa ń lọ ra ọjà ní Malanvílì, Kandi sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Mo bi í ọjọ́ tó tún ń lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Bàbá Olùkọ́, ta lẹ fẹ́ fi rán mi?" Mo bá sọ fún un. Ó ní ọkọ̀ òwúrọ̀ lòun máa ń wọ̀ nígbà gbogbo, òun á sì bá ọ gbé ọmọ tí ọwọ́ rẹ bá kún. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé èmi kì í dúró de ẹni tó bá ń kun ojú."

Láti ọjà, mo lọ sílé láti lọ sọ fún ìyá rẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀, torí mo ti ṣèlérí fún ọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Rọ́sàlì, ọ̀rọ̀ kan wà."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ti Kandi ni, mo ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọmọ tó pè mí, tó ń bi mí bí wọ́n ṣe ń di etí ọmọ kí eruku má wọ̀ ọ́, tó tún ń bi mí ọ̀nà tí èmi ń gbà wẹ̀ wọ́n nígbà tí a wà lókè ọ̀hún, ṣé ọjà Dantọ́kpà ní Kútọnu níbẹ̀ ló ń lọ?"

Mo ní, "O wá dákẹ́."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà dákẹ́. Mo ní kí n wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

A rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló wá gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní òun ti yan ẹ̀pà, òun ti lọ ọkà fún ògì ọmọ, òun sì ti di gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ohun tí òun kò kàn mọ̀ ni ibi tí òun ti máa gbé e lé ọ lọ́wọ́. Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní èéfín ni. Kò sí iná kankan níbẹ̀, Rọ́sàlì.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè máa bà ọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ tuntun, ọmọ kékeré, àwọn ènìyàn tí inú wọn lè má dùn sí i: mi ò ní sọ pé kò sí irú wọn láyé. Gbàdúrà, fi àmì àgbélébùú sára rẹ àti sára ọmọ kí ẹ tó gbéra. Ṣùgbọ́n má fi ìbẹ̀rù àwọn tó kórìíra rẹ sá fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ. Èmi ṣe é, kò sì dáàbò bò mí lọ́wọ́ ohunkóhun.

O ti dàgbà, ìwọ lo ni ìrìn-àjò rẹ. Bí o bá ro ọ̀rọ̀ mi títí, tí o sì ṣì yan bọ́ọ̀sì alẹ́, mi ò ní bá ọ jà, ìyá rẹ náà kò ní í bínú. Ohun kan péré ni kí o ṣe fún mi. Pè mí nígbà tí ẹ bá kúrò ní Bohikọ́n, kí o sọ àwọ̀ bọ́ọ̀sì náà. Èmi àti ìyá rẹ á gbé àga wa lọ sí oríta. Kò di dandan kí awakọ̀ dúró. Tan iná pòtábù rẹ, kí o gbé Paskál sójú fèrèsé, àwa náà á na ọwọ́ sókè. Tí ọkọ̀ bá ti kọjá, a ó padà sílé, a ó jókòó de ìpè rẹ láti Parakú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bi mí pé níbo ni ọmọ mi wà lọ́jọ́ náà, màá lè dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ yín gúnlẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ